Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a má gbọ́ ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ lójú pópó wa. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì máa ń gbà ròyìn rẹ̀: ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, iye ènìyàn tí ó kú, iye tí ó farapa, lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń kádìí rẹ̀. Eré àsápajúdé ni awakọ̀ ń sá. Oorun ni ó gbé awakọ̀ lọ. Bíréèkì ni ó já. Gbólóhùn yẹn ni a fi ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ kan tí èmi fúnra mi wà nínú rẹ̀. Lónìí, mo fẹ́ ṣí i.

Ọdún 1998 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìlọrin, Ìbàdàn sì ni ilé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fún wa ní ìsinmi, mo lọ sí gáréèjì, mo wọ bọ́ọ̀sì kan tí ń lọ sí Èkó, tí yóò gba Ìbàdàn kọjá. Iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bàbá náà tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Ewú ti ń yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Bí a ti ń dúró kí èrò kún ọkọ̀, ó ra búrẹ́dì àti àkàrà, ó bù ú fún mi. Ó ní òru àná ni òun kúrò ní Èkó, òun sì ti ń wò ó pé òun yóò sùn díẹ̀ lábẹ́ igi kí òun tó padà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti kan òun. Bí òun bá fi ààyè sílẹ̀, ó di ọ̀la kí ó tó tún kan òun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ọlọ́kọ̀ kò mọ oorun o. Owó ọjọ́ ni ó mọ̀."

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn èrò ẹ̀yìn ti ń sùn. Mo rí i tí orí bàbá náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, tí ó sì ta gìrì. Mo húkọ́. Ó ṣí fèrèsé, ó fi obì sẹ́nu. Nígbà tí ó ṣe, mo tún rí i: ẹsẹ̀ ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú títì kí ó tó fà á padà. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo fẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀." Ṣùgbọ́n ta ni mí? Ọmọ ogún ọdún tí kò mọ ọkọ̀ wà. Ṣé èmi ni n ó máa kọ́ ẹni tí ó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi ní iṣẹ́ rẹ̀? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìgbà kẹta tí orí rẹ̀ tẹ̀, kò gbé e sókè mọ́ kí a tó já lu tírélà kan tí ó ti bàjẹ́ sójú ọ̀nà, tí kò tan iná, tí kò sì gbé àmì kankan sẹ́yìn bí kò ṣe ewé tútù díẹ̀ tí wọ́n já sílẹ̀.

Ènìyàn mẹ́rin ni ó kú. Awakọ̀ wà nínú wọn. Ìyá kan tí ó jókòó sẹ́yìn mi, tí ó ń lọ ra ọjà ní Èkó, tí ó sì ti fún mi ní ọsàn jẹ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, òun náà wà nínú wọn. Eegun èjìká mi ni ó ṣẹ́.

Nígbà tí ọlọ́pàá bá mi ní ilé ìwòsàn, ó bi mí pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Awakọ̀ sùn lọ." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. N kò sọ ohun tí bàbá náà sọ fún mi ní gáréèjì. N kò sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí oorun lójú rẹ̀ tí n kò sọ̀rọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé àwọn ẹbí ọ̀kan nínú àwọn tí ó kú lọ bá ìyàwó awakọ̀ nílé, wọ́n ń ṣépè fún un pé ọkọ rẹ̀ pa ènìyàn àwọn. Ọlọ́kọ̀ ti ra bọ́ọ̀sì mìíràn, ó ti gbé e fún awakọ̀ mìíràn. Wọ́n ti wọ́ tírélà náà kúrò. Ọ̀nà náà sì wà bí ó ti wà.

Ọ̀nà méjì ni àwa máa ń gbà túmọ̀ irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí. Èkíní ni pé ẹnì kan ni ó jẹ̀bi, ẹni náà sì ni ẹni tí ó di ọkọ̀ mú. Èkejì ni pé kì í ṣe ojú lásán: ayé ni, tàbí Ògún ni ó ń bínú. N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bú ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé bí ọ̀nà méjèèjì ṣe jìnnà sí ara wọn tó, ibì kan náà ni wọ́n ń já sí: wọ́n ń fi òpin sí ìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ pé awakọ̀ burúkú ni, ó ti kú tàbí ó ti wà lẹ́wọ̀n, ó parí. Bí ó bá jẹ́ pé ayé ni, kí ni ọmọ ènìyàn lè ṣe? Nínú méjèèjì, kò sí ohun tí ọlọ́kọ̀, gáréèjì, ìjọba tàbí èrò ọkọ̀ yóò yí padà lọ́la.

Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà mọ̀ pé ibi tí òun ti kọsẹ̀ kò sí níbi tí òun dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tí mo di olùkọ́, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa ìjàǹbá ọkọ̀ nítorí ohun tí ojú mi rí, mo wá mọ̀ pé àwọn kan ti sọ wíwo ẹ̀yìn yìí di iṣẹ́. Kì í ṣe "Ta ni ó ṣe é?" ni ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi. Ìbéèrè wọn ni: "Kí ni ó mú kí ohun tí ẹni yìí ṣe dà bí ohun tí ó tọ́ lójú rẹ̀ ní àkókò yẹn?"

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn awakọ̀ òfúrufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń wa ọkọ̀ ogun B-17 a máa gúnlẹ̀ láyọ̀, wọn a sì ṣèèṣì ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sókè lórí ilẹ̀, tí ikùn ọkọ̀ yóò fi wọ́lẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ni àṣìṣe awakọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Alphonse Chapanis, tí ó mọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, wá wo inú ọkọ̀ náà. Ó rí i pé irin tí wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti irin tí wọ́n fi ń darí apá kan lára ìyẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ẹni tí ó ti rẹ̀ láti ojú ogun, tí ó na ọwọ́ láìwò, báwo ni yóò ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Ó fi ohun ribiti tí ó rí bí táyà sí orí ọ̀kan, ó fi ohun tí ó rí bí ìyẹ́ sí orí èkejì, kí ọwọ́ lè mọ ohun tí ojú kò rí. Kò bá awakọ̀ wí, kò sì lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Irin ni ó tún ṣe. Títí di òní, irin tí wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ bàálù sókè ṣì máa ń ní orí tí ó rí bí táyà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Reason, tí ó kọ ìwé lórí àṣìṣe ẹ̀dá ní ọdún 1990, ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà débi tí ó fi yé tẹrú-tọmọ. Ó fi ààbò wé wàràkàṣì àwọn ará Switzerland, èyí tí ihò pọ̀ lára rẹ̀, tí a gé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí a sì tò tẹ̀lé ara wọn. Kò sí ààbò kan tí kò ní ihò. Ṣùgbọ́n bí ààbò bá pọ̀, ihò ti èkíní kò ní bọ́ sí ojú kan náà pẹ̀lú ihò ti èkejì. Ọjọ́ tí gbogbo ihò bá tò sójú kan ni ewu yóò gba àárín wọn kọjá. Fún àwa tí wàràkàṣì kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ oúnjẹ wa, ẹ jẹ́ kí a fi ajere rò ó. Bí a bá to ajere mẹ́fà léra, tí a da àgbàdo sí ti òkè, díẹ̀ ni yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀, nítorí ohun tí ihò ọ̀kan jù sílẹ̀, ara èkejì yóò gbà á. Àfi ọjọ́ tí a bá tò wọ́n tí ihò wọn ṣe déédéé.

Mo wá padà sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo ń ka ajere. Ọlọ́kọ̀ tí owó ọjọ́ rẹ̀ kò fi àyè oorun sílẹ̀: ọ̀kan. Gáréèjì tí ètò rẹ̀ ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá sinmi, tí kò sì bi awakọ̀ pé ìgbà wo ni ó ti sùn kẹ́yìn: méjì. Ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ jọ ń pín, tí kò ní iná, tí kò ní etí títì tí ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ lè yà sí: mẹ́ta. Tírélà tí kò ní àmì: mẹ́rin. Òfin tí ó wà nínú ìwé, tí kò sí ẹni tí ń mú un ṣẹ lóru: márùn-ún. Ẹ̀kẹfà ni ọmọ kan tí ó jókòó síwájú, tí ojú rẹ̀ là kedere, tí kò sì sọ̀rọ̀. Oorun awakọ̀ ni ohun tí ó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo ni ọlọ́pàá sì kọ sílẹ̀. Bí igi bá wó lu igi, ti òkè la kọ́kọ́ ń gbé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa a máa gbé ti òkè tán, a ó sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo rò pé èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, títí mo fi ka ìtàn Tenerife.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, ọdún 1977, bọ́ǹbù kan bú ní pápákọ̀ òfúrufú kan ní erékùṣù Canary tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Spain. Wọ́n darí àwọn bàálù tí ń bọ̀ níbẹ̀ sí pápákọ̀ kékeré kan ní Tenerife. Ibẹ̀ há, bàálù sì kún un. Nígbà tí ó tó àkókò láti gbéra, kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Bàálù KLM ti ilẹ̀ Netherlands kan dúró ní ìpẹ̀kun ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé. Bàálù Pan Am ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà yẹn, ó ń wá ibi tí yóò yà sí. Boeing 747 ni àwọn méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò rí ẹnì kejì, àwọn tí ń darí wọn láti ilé ìṣọ́ kò sì rí ìkankan nínú wọn.

Ọ̀gá awakọ̀ KLM kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òun ni olórí àwọn tí ń kọ́ awakọ̀ 747 ní ilé-iṣẹ́ náà. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi ń polówó. Òfin tuntun lórí iye wákàtí tí awakọ̀ lè fi ṣiṣẹ́ ń lé e, nítorí bí àkókò bá kọjá, wọn kò ní lè gbéra mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iná sí i. Igbákejì rẹ̀ sọ fún un pé wọn kò tíì gba àṣẹ. Ó dúró, ó ní kí ó béèrè. Èsì tí ó dé jẹ́ àlàyé ọ̀nà tí wọn yóò gbà bí wọ́n bá ti gbéra, kì í ṣe àṣẹ láti gbéra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jọ àṣẹ létí ẹni tí ó ń kánjú. Ó tún tẹ iná. Lọ́tẹ̀ yìí, igbákejì kò tún dá a dúró. Ilé ìṣọ́ ní kí wọ́n ṣì dúró, Pan Am náà ń ké pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohùn méjèèjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dí ara wọn lọ́nà, ariwo ni ó wọ etí àwọn KLM. Ẹnjiníà tí ó jókòó sẹ́yìn wọn gbọ́ díẹ̀, ó bi ọ̀gá bóyá Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò, pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹnjiníà dákẹ́. Ènìyàn 583 ni ó kú. Títí di òní, kò tíì sí ìjàǹbá bàálù tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Mo ka ibi tí ẹnjiníà náà ti dákẹ́, mo pa ìwé dé. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Mo mọ bí ó ṣe ń rí ní ọ̀nà ọ̀fun.

A máa ń rò pé àwa Yorùbá nìkan ni ọ̀wọ̀ àgbà ń ti ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ipò, ewú orí, òkìkí, gbogbo wọn ni ó máa ń pa ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́nu mọ́ níbi gbogbo láyé. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí gbígbéra kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu àyàfi nígbà tí a bá ń fún ni ní àṣẹ gbígbéra gan-an tàbí tí a bá ń gbà á padà. Láti ọdún 1979 ni àwọn onímọ̀ ti pàdé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lábẹ́ NASA láti gbìmọ̀ lórí bí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù ṣe lè máa gbọ́ ara wọn lágbọ̀ọ́yé. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kan ti jáde, tí gbogbo awakọ̀ òfúrufú ní láti kọ́ báyìí: ọ̀gá kọ́ bí a ṣe ń béèrè tí a sì ń gbọ́, ọmọ iṣẹ́ kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tí a ò fi ní dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi wọlé. Kí ni èyí, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ àwọn baba wa pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀? Àwa ni a ni òwe, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ di òfin iṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní ìyà ni ó tọ́ sí awakọ̀ wa, pé bí ìyà bá le, wọn yóò sọra. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Japan. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, ọdún 2005, ọkọ̀ ojú irin kan yà kúrò lójú irin rẹ̀ ní Amagasaki, ó sì lọ rọ́ lu ilé. Ènìyàn 107 ni ó kú, awakọ̀ náà wà nínú wọn. Ọmọ ọdún 23 ni. Ó ti kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí ní ibùdókọ̀ kan, ìyẹn sì ti mú kí ó pẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, wọn a fi sí ibì kan tí wọ́n pè ní ibi àtúnkọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ibi ìdójútì: ìbáwí àti àkọtúnkọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Bí ó ti ń bọ̀ ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, etí rẹ̀ wà lórí rédíò, níbi tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń ròyìn àṣìṣe rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Kìlómítà 70 ní wákàtí ni òfin ibẹ̀; 116 ni ó bá wọ̀ ọ́. Àwọn olùṣèwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ rédíò yẹn ti gba ọkàn rẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ìbẹ̀rù ìyà tí wọ́n rò pé yóò mú un sọra gan-an ni ó gba ìfọkànsí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbàlódé tí ì bá dá ọkọ̀ náà dúró fúnra rẹ̀ kò sì tíì dé ojú irin yẹn.

Mo rántí "ọlọ́kọ̀ kò mọ oorun." Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ní Japan, owó ọjọ́ ní Ìlọrin: ẹrù kan náà ni, apẹ̀rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Kí ni ti wa? Kì í ṣe pé a kò mọ nǹkan kan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ FRSC nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1988. Ní ti òfúrufú, òfin àgbáyé tí a tọwọ́ bọ̀ sọ pé ìdènà èyí tí ń bọ̀ nìkan ni ìwádìí ìjàǹbá wà fún, kì í ṣe láti di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàálù kan já ní Ìjù-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 2012, tí gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ kú pẹ̀lú àwọn mìíràn tí ó wà nílẹ̀, àwọn olùṣèwádìí wa sọ pé awakọ̀ kò yà sí pápákọ̀ tí ó súnmọ́ wọn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n sì béèrè bí wọ́n ṣe tún un ṣe àti bí wọ́n ṣe gba awakọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Láti ọdún 2022, òfin ti sọ àjọ náà di NSIB, ó sì ti fi ojú irin àti orí omi kún iṣẹ́ wọn.

Ojú títì ńkọ́, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti ń kú? Níbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn a gbá gíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tán. Ta ni ó ń bi ọlọ́kọ̀ léèrè? Ta ni ó ń ka wákàtí tí awakọ̀ ti lò? Ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ European Union, ẹni tí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tàbí bọ́ọ̀sì ìrìn-àjò kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ kí ó tó sinmi fún ìṣẹ́jú 45, ẹ̀rọ kan sì wà nínú ọkọ̀ tí ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ọlọ́kọ̀ kò lè bá jiyàn. Ní ọdún 1997, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Sweden fẹnu kò pé ẹni tí ó ṣe ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ pín nínú ẹrù náà: ẹ̀dá yóò ṣàṣìṣe, nítorí náà, ẹ ṣe ọ̀nà tí àṣìṣe kò ní dọ́gba pẹ̀lú ikú. Wọ́n na okùn irin sí àárín ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró kí ọkọ̀ tí ń lọ má baà pàdé èyí tí ń bọ̀. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, okùn irin ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Ṣé o fẹ́ kí a máa fọwọ́ pa awakọ̀ ọ̀mùtí lórí ni?" Rárá o. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ mu ọtí yó tí ó sì di ọkọ̀ mú, òfin wà fún un. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yàtọ̀ sí ìwádìí. Adájọ́ lè sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi, kí ó sì tọ̀nà. Bí a kò bá tún gáréèjì tí ó ti jáde ṣe, awakọ̀ mìíràn yóò jáde láti ibẹ̀ lọ́la. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bíbú ìrì kò lè gbé e ró.

Ní ìparí ọdún kan tí kò tíì pẹ́, mo wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni awakọ̀. Èmi ni ewú wà lórí rẹ̀ báyìí. Ọmọbìnrin kan jókòó síwájú. Nígbà tí a kọjá Ọ̀yọ́, ó dún mi láyà nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ń tòògbé. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀." Obìnrin kan ní kí ó dákẹ́, kí ó má dààmú awakọ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ o. Gbogbo wa ló ń sọ̀rọ̀ fún." Awakọ̀ kọ́kọ́ fa ojú ro, lẹ́yìn náà ni ó yà sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, ó bọ́jú, ó fi orí lélẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó jí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó sì sọ fún mi, ní ohùn kẹ́lẹ́, pé ọlọ́kọ̀ ti pè é lẹ́ẹ̀mejì láti mọ ibi tí ó dé.

Ajere kan di ní ọjọ́ yẹn. Àwọn yòókù ṣì wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ihò wọn.

N kò mọ ibi tí ìyàwó bàbá awakọ̀ ti 1998 wà. Orúkọ rẹ̀ pàápàá n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà láàyè, tàbí bí ọmọ rẹ̀ bá ń ka ìwé yìí, ẹ̀rí tí n kò jẹ́ fún ọlọ́pàá rèé: bàbá yín kì í ṣe apànìyàn. Ó fẹ́ sùn, a kò jẹ́ kí ó sùn. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i, mo sì dákẹ́.